Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń sunkún, kò sì rántí ohun tí a jọ sọ lánàá. Ṣé MS ló fà á?

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, àmọ́ mi ò kọ nǹkan kan rí. Ó di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí ọkọ mi ti ní multiple sclerosis (MS), àrùn tó ń ba iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ó mú ojú ọ̀tún, àmọ́ oògùn ti ràn án lọ́wọ́: ó ń rìn, ó ń wa ọkọ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ló gbé mi wá síbí.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n pè mí lórí fóònù pé àbúrò ìyá mi ti kú. Mo bú sẹ́kún. Ọkọ mi wò mí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ẹ̀rín gidi, èyí tí èjìká ń bá mì. Mo ní kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, kò lè dáhùn, kò sì lè dákẹ́. Nígbà tó yá ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ti ṣẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀.

Ìgbàgbé wá ńkọ́? A ó jókòó, a ó fẹnu kò lórí ẹni tí yóò lọ mú àwọn ọmọ nílé ìwé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ní mi ò bá òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà lè ka orúkọ gbogbo àwọn tó bá a jókòó ní kíláàsì ní ogún ọdún sẹ́yìn láìfo ẹnì kan. Ohun tó mú mi rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù: tẹ́lẹ̀, kí n tó la ẹnu, ó ti rí i lójú mi pé inú mi ò dùn. Ní báyìí mo lè fajú ro láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò ní rí i. Ìgbà tí mo bá jágbe ni ẹnu á tó yà á pé inú ń bí mi.

Dókítà ní MRI rẹ̀ tó kẹ́yìn, àwòrán inú ọpọlọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, kò fi egbò tuntun kankan hàn, pé ó ń ṣe dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àrùn yìí lè dé ibi tí ìfẹ́ àti ìrántí ń gbé nínú ènìyàn? Àbí ọkọ mi ti yí padà sí mi ni?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta (Ọjọ́ Ajé, 9:32 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ìbànújẹ́ náà ló pọ̀ jù fún wọn, ẹ má kà á sí wọn lọ́rùn. Ní ti ìgbàgbé, ta ni kì í gbàgbé? Kò sí àrùn kankan lára mi, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ìyàwó mi ń sọ pé mi ò fetí sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa gbàdúrà.

Ọdún Méjìlá (Ọjọ́ Ajé, 10:47 alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra. Obìnrin ni mí, èmi fúnra mi ni MS ń bá fínra, ó ti pé ọdún méjìlá. Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ má bínú sí mi, òwe yẹn dára ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo ẹkún mọ ohun tó ń ṣe, ó sì lè dá a dúró. Ẹ̀rín tí ìyá ń sọ yìí, ẹni tó ni ẹnu kọ́ ló ń rín in.

Tèmi, ẹkún ni. Ẹnì kan lè kí mi pé ẹ káàárọ̀, kí omijé máa dà wàrà. Inú mi ò bàjẹ́ rárá. Mo lè máa ronú aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sunkún náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nílé bí ọmọ ọwọ́, kí n tó rí dókítà ọpọlọ kan tó dárúkọ rẹ̀ fún mi: pseudobulbar affect. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé ẹ̀rín àti ẹkún ní ìjánu nínú ọpọlọ. Láti iwájú orí ni ìjánu yẹn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ọpọlọ, níbi tí ojú, ọ̀fun àti èémí ti ń gba àṣẹ. Tí MS bá ti ba okùn náà jẹ́ níbì kan, ẹ̀rín tàbí ẹkún lè bọ́ jáde láìjẹ́ pé ọkàn rán an níṣẹ́. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá àwa tó ní MS ló ń ṣe. Ó ń ṣe àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù náà.

Ilẹ̀kùn tí ọkọ yín tì mọ́rí yẹn, ojú ló ń tì í. Ẹ bi í léèrè nígbà tí ọkàn ẹ̀yin méjèèjì bá balẹ̀. Ẹ má bi í pé kí ló dé tó fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe rí nínú rẹ̀ lásìkò yẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Mo tọ́jú àwọn tó ní MS fún ohun tó ju ogún ọdún lọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ìrántí, torí òun ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé.

Ìyá béèrè bóyá àrùn yìí lè dé ibẹ̀. Ó lè dé ibẹ̀, kì í sì í ṣe ìmọ̀ tuntun. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé tó ṣàpèjúwe àrùn yìí ní Paris ní 1868, ti rí i lára àwọn tó ń tọ́jú pé ìrántí wọn ń rẹ̀yìn, pé èrò wọn ń falẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ojú nìkan ni àwa oníṣègùn ń yẹ̀ wò. Lónìí a mọ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ní MS, nǹkan bí 40 sí 65 ni ìrònú tàbí ìrántí wọn ń yí padà dé ìwọ̀n kan. Kì í bá ẹsẹ̀ rìn dọ́gba. Ènìyàn lè máa rìn dáadáa kí ìrántí rẹ̀ ti jó rẹ̀yìn. Ẹlòmíràn lè wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ kí iyè rẹ̀ mú bí abẹ.

Awọ ọlọ́ràá kan wà tó bo okùn iṣan inú ọpọlọ, myelin ni à ń pè é. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun ara ẹni fúnra rẹ̀ ló ń bá awọ yìí jà. Okùn tí awọ rẹ̀ ti bó lè máa jíṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń falẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìyára ọpọlọ ló sábà ń kọ́kọ́ dín kù. Ẹ̀yin ti sọ gbólóhùn mẹ́ta, òun ṣì ń gba ti àkọ́kọ́ sínú. Èyí tí kò wọlé dáadáa lánàá, kò sí ibi tí yóò ti rí i mú jáde lónìí. Ti kíláàsì ogún ọdún sẹ́yìn ti wọlé kí àrùn tó dé, ó ti fìdí kalẹ̀. Ìyá, ọkọ yín kò mọ̀ọ́mọ̀.

MRI tí kò ní egbò tuntun kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn egbò tó wà ní èèpo ọpọlọ gan-an ṣòro láti rí lórí MRI tí a sábà ń yà, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ọpọlọ fi ń kó ìrántí pamọ́, hippocampus, lè máa rù díẹ̀díẹ̀ láìsí egbò tuntun.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe ìdánwò ìyára ọpọlọ tó ń jẹ́ Symbol Digit Modalities Test fún ọkọ yín. Wọ́n á fi àmì mẹ́sàn-án hàn án, nọ́ńbà kan fún àmì kọ̀ọ̀kan, ọkọ yín á sì máa pe nọ́ńbà tó bá àmì kọ̀ọ̀kan mu bó bá ṣe lè yára tó. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré ni. Tí wọ́n bá fi ìdánwò ọ̀rọ̀ kan àti ti àwòrán kan kún un, BICAMS ni à ń pe àpapọ̀ rẹ̀, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kí wọ́n máa tún un ṣe lọ́dọọdún, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń lọ sílẹ̀ tàbí ó dúró lójú kan.

Kí ẹ tó di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ ru MS, ẹ kó gbogbo oògùn wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn oògùn kan tí a ń lò kí ìtọ̀ má baà máa gbọ̀n wọ́n lẹ́sẹ̀ kẹsẹ̀, irú bí oxybutynin, lè da ìrántí rú. Kòkòrò inú ìtọ̀ lè dà á rú. Àìsùn, vitamin B12 tó lọ sílẹ̀, thyroid (ẹṣẹ́ kan ní ọrùn) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, gbogbo wọn ló yẹ ní yíyẹ̀ wò. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ methylprednisolone, èyí tí a ń fún wọn nígbà tí MS bá ru sókè, ni, òun nìkan lè mú kí ènìyàn máa yọ̀ láìnídìí, tàbí kó máa kanra, kí oorun sì dá lójú rẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Mo bọ̀wọ̀ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà, ṣùgbọ́n "kò mọ̀ọ́mọ̀" yẹn yá jù fún mi. Kì í ṣe pé mo ní ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí a ṣe ń yára fi ọwọ́ gbogbo nǹkan sọ́rùn àrùn kan ṣoṣo.

Ìyá mi ni MS ń ṣe, èmi ni mò ń tọ́jú wọn. Ọdún méjì la fi gbà pé àrùn ló mú wọn gbàgbé, àrùn ló mú wọn dákẹ́, àrùn ló mú wọn má bìkítà mọ́. A ò béèrè èrò wọn lórí ohunkóhun mọ́ nínú ilé. Nígbà tí wọ́n wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ìlera ọkàn, ìsoríkọ́ ló bá lára wọn, ó sì ti jinlẹ̀. Wọ́n fi oògùn àti ìjókòó sọ̀rọ̀ tọ́jú ìyẹn fún bí oṣù mẹ́fà. Gbogbo ìrántí kọ́ ló padà. Èyí tó padà pọ̀ ju èyí tí a retí lọ. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní MS ni ìsoríkọ́ ń bá jà nígbà kan rí láyé wọn, ìsoríkọ́ sì ń jẹ ìrántí.

Ẹ̀yin Ọdún Méjìlá, ẹkún tiyín kì í ṣe ìbànújẹ́. Ti ìyá mi, ìbànújẹ́ gidi ni. Méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan náà. Ìyá Ìbejì, ẹ kíyè sí bóyá ọkọ yín ṣì ń gbádùn ohun tó máa ń gbádùn, bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé sú. Bó bá jẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ pé ó sàn kí òun má sí mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún yín, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Ohun kékeré kan: a máa ń lẹ ìwé pélébé káàkiri ilé fún ìyá mi. Nígbà tó yá, wọn ò rí ìkankan nínú wọn mọ́. Ní báyìí ìwé kan ṣoṣo ló wà, ibì kan ṣoṣo, a so bírò mọ́ ọn lára. Òun ló ṣiṣẹ́.

Dúró Gangan (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:02 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń lo donepezil fún ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ ò rà á fún un wò?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Ìgbàgbé ti MS kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti Alzheimer, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó. Ìdánwò kékeré kan ní 2004 mú ká nírètí nínú oògùn yẹn, mo rántí bí inú wa ṣe dùn níbi iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò lára 120 ènìyàn tó ní MS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, kò sàn ju oògùn asán tí wọ́n fún àwọn yòókù lọ. Ó sì lè mú kí ènìyàn máa ya ìgbẹ́ gbuuru, kó sì máa bì.

Àti pé Ìmọ́lẹ̀, òótọ́ lẹ sọ. Mo gbà á.

Akọ́niníyè (Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀)

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn tí ọpọlọ wọn fara gbọgbẹ́ bí wọ́n ṣe lè tún máa kọ́ nǹkan. Ìyá Ìbejì, ẹnikẹ́ni kò tíì dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ojú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní òun ló dùn yín jù.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú yẹn gan-an ni MS lè mú kó ṣòro kà. Wọ́n ti ṣe ìwádìí tí wọ́n ti ń fi àwòrán ojú ènìyàn han àwọn tó ní MS, kí wọ́n sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni náà. Ojú tó ń yọ̀ kì í sábà ṣòro fún wọn. Ojú tó ń bínú àti ojú tí ẹ̀rù ń bà ló ń rú wọn lójú ju àwọn tí kò ní àrùn yìí lọ. Apá kan rẹ̀ ni ìfalẹ̀ ọpọlọ tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ: ojú ènìyàn kì í dúró, kí ọpọlọ tó kà á tán, ó ti yí padà. Apá kejì ni pé ibi púpọ̀ nínú ọpọlọ ló ní láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí a tó ka ojú, àwọn ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sì ni àrùn yìí ń já. Kì í ṣe pé ó rí ìbànújẹ́ yín kó tó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kò kà á ni. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún un, ní gbólóhùn kúkúrú, láìbínú: "Inú mi bàjẹ́ lónìí, mo fẹ́ kí o jókòó tì mí." Mo mọ̀ pé ó dunni láti máa fi ẹnu tọrọ ohun tí ọkọ ẹni máa ń fúnra rẹ̀ rí. Àdánù gidi ni, mi ò ní sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin Ọdún Méjìlá, mo fẹ́ tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rín tàbí ẹkún bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìmọ̀lára nínú. Fún àwọn mìíràn, ìmọ̀lára kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìjánu tó já ló sọ ọ́ di ńlá tàbí tó yí i sódì. Ó ṣeé ṣe kí ikú yẹn dun ọkọ wọn gan-an. Ìbéèrè tí ẹ ní kí wọ́n bi í náà, ó lè má rí i dáhùn, torí àwọn kan tó ní MS kì í rí orúkọ fún ohun tó ń ṣe wọ́n nínú. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni inú yín ṣe rí, wọ́n á ní ó rẹ̀ mí. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò yàn nínú wọn: ṣé ó dùn ọ́, ṣé ẹ̀rù bà ọ́, ṣé ojú tì ọ́?

Ní ti ìrántí, ìwé Ìmọ́lẹ̀ dára fún ọjọ́ àti aago, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ohun tí ènìyàn bá fúnra rẹ̀ mú jáde ló ń dúró sí i lórí ju ohun tí wọ́n kàn sọ sí i létí lọ. Dípò kí ẹ sọ pé "ìwọ lo máa mú àwọn ọmọ lọ́la," ẹ bi í pé "ta ni yóò mú wọn lọ́la, aago mélòó ló yẹ kó jáde?" kí ìdáhùn ti ẹnu rẹ̀ wá. Ẹ tún bi í lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tún bi í kí ẹ tó sùn. Kó má rí bí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ o, ẹ kọ́kọ́ jọ fẹnu kò pé bí ẹ ó ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Ọ̀nà kejì ni àwòrán àti ìtàn. Ká ní ó ní láti gba oògùn, kó gbé bàtà lọ tún ṣe, kó sì yà ní báńkì. Kó fojú inú rí bàtà náà lórí káńtà báńkì, ìgò oògùn dúró nínú rẹ̀, àwọn òǹwòran ń nà án níka. Nancy Chiaravalloti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìjókòó mẹ́wàá kọ́ àwọn tó ní MS ní irú èyí, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé àwọn tó kọ́ ọ kọ́ nǹkan tuntun dáadáa ju àwọn tí kò kọ́ ọ lọ. Kì í ṣe idán. Ó gba kí ènìyàn máa ṣe é lójoojúmọ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pàtàkì, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Àárọ̀ ló dára jù, kí àárẹ̀ tó dé, kí ara tó gbóná, torí ooru máa ń mú kí okùn tó ti bó túbọ̀ falẹ̀.

Ọdún Méjìlá (Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán)

Akọ́niníyè, ẹ ṣeun. Ti "ó rẹ̀ mí" yẹn, èmi gan-an lẹ ń sọ.

Mo gbàgbé láti sọ pé ẹ̀rín tàbí ẹkún tó ń bọ́ jáde fúnra rẹ̀ yìí ní oògùn. Dextromethorphan tí wọ́n pò mọ́ quinidine ni, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2010. Kì í ṣe ibi gbogbo lẹ ti lè rí i, wọ́n sì ní láti yẹ ọkàn tó ń lù wò kí wọ́n tó fúnni. Èmi ò lò ó. Oògùn ìsoríkọ́ ní ìwọ̀n kékeré ni dókítà fún mi, ó dín in kù. Nígbà tí mo bá sì mọ̀ pé ó ń bọ̀, mo máa ń yí bí mo ṣe jókòó padà, mo tú eyín tí mo dì mọ́ra sílẹ̀, mo mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo wo ibòmíràn. Mo sì ti sọ fún gbogbo àwọn tó sún mọ́ mi: tí mo bá ń sunkún, ẹ má rẹ̀ mí, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:55 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Mo bi í ní àná. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò yàn bí Akọ́niníyè ṣe wí. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, mo dúró dè é, mi ò bá a parí ọ̀rọ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ní ojú ti òun, ẹ̀rù sì ba òun. Ó ní ńṣe ni òun ń gbọ́ ẹ̀rín náà bí ẹni pé inú yàrá kejì ló ti ń wá. Ó ní òun ti ilẹ̀kùn kí n má baà tún rí òun, òun sì sunkún níbẹ̀. Oṣù méjì nìyí tó ti ń rò pé n kò ní dárí ji òun, mo sì ń rò pé kò bìkítà.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Mo sọ fún un lówùúrọ̀ pé inú mi bàjẹ́, ó jókòó tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé mo ní láti sọ ọ́. A ti kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan tó jẹ́ ti ìtọ̀ wà nínú wọn. A ó béèrè fún ìdánwò àmì àti nọ́ńbà yẹn náà.

Ìbéèrè kan ló kù tó ń dẹ́rù bà mí. Tí ọpọlọ rẹ̀ bá ń falẹ̀ báyìí, ṣé kó ṣì máa wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ?

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:10 alẹ́)

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì mí. Mo yá ẹnu lórí ohun tí mi ò mọ̀. Ẹ bá mi kí ọkọ yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:03 alẹ́)

Ìbéèrè yín lórí ọkọ̀ ṣe pàtàkì, inú mi dùn pé ẹ bi í. Ìyára ọpọlọ tó dín kù lè kan ọkọ̀ wíwà, pàápàá ní oríta tí nǹkan púpọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ní MS ló ń wa ọkọ̀ láìsí ewu, nítorí náà ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ẹ béèrè fún ìdánwò lójú pópó gan-an, pẹ̀lú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ awakọ̀ aláìsàn wò. Ìdánwò orí ìwé nìkan kò tó láti fi dájọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, kí ẹ̀yin máa wà á tí àwọn ọmọ bá wà nínú ọkọ̀, kí òun má sì wà á nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Kí ẹ jọ sọ ọ́, kó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ó dájọ́ lé e lórí. Ní ti oògùn ìtọ̀ yẹn, ẹ má dá a dúró fúnra yín, dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ọjọ́ Àìkú, 6:48 àárọ̀)

A ti jọ sọ ọ́. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó sì gbà. Ó di Ọjọ́bọ̀ tí a ó lọ rí dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé, ó so bírò mọ́ ọn lára.